Kì í Ṣe Àbúrò Ló Ń Jí Epo, Mọ́tò Ló Ń Mu Ún!

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì ní mọ́tò, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá, torí ìjà tí epo bẹntiróòlù dá sílẹ̀ nílé kan ní Joju lẹ́nu àìpẹ́ yìí kò yọ ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà sílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ ìyá méjì máa wo ara wọn bí ológbò àti eku.

Baálé ilé náà ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó wà lágbègbè Ọ̀tà. Corolla ọdún 2005 ló ń gùn, tòkunbọ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Iṣẹ́ alẹ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀. Nítorí náà, bó bá dé láàárọ̀ tó sùn, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ló máa ń fi mọ́tò kó àwọn ọmọ lọ síléèwé, á sì gbé ìyàwó dé ọjà. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ra lítà 20 lọ́jọ́ Ajé, ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta kí wọ́n tó tún yà sílé epo.

Àfi bí nǹkan ṣe yí padà. Ọjọ́bọ̀ ni iná epo ti ń tàn. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọkùnrin náà dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó kùn sínú. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó pe àbúrò ẹ̀ sí pálọ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń ta epo mi fún?”

“Háà, Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Iléèwé àti ọjà nìkan ni mò ń lọ.”

“Ṣé èmi ni mò ń mu ún ni?”

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní, “Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká wádìí ẹ̀ ná.” Wọ́n ní kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni àbúrò di ẹrù ẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan lọ ní Ijoko. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí ìyá wọn ti fóònù láti ilé, tó ń bi àkọ́bí ẹ̀ pé kí ló fi ọmọ òun ṣe.

Kẹ́nikẹ́ni má dá ọkùnrin yìí lẹ́bi jù. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó 200 náírà nílé epo ìjọba. Lọ́jọ́ 29 oṣù náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra ẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù Keje tó parí, ó ti lé ní 600 náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti ń bá 1,000 náírà fà á l'Ékòó àti agbègbè ẹ̀. Ẹni tó bá sì rántí ọdún 1986, nígbà tí lítà kan di kọ́bọ̀ 39 ààbọ̀ láyé Babangida, tí gbogbo ìlú ń pariwo pé ayé ti bàjẹ́, ẹ̀rín ni ó kàn máa rín. Nígbà tí epo bá ti dà báyìí, lítà méjì tó bá sọnù, ó tó fi bá ọmọ ìyá ẹni jà.

Ẹni tó tú u palẹ̀ ni bàbá àgbà kan ládùúgbò, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Dírẹ́bà. Peugeot 504 ni bàbá yìí fi kó èrò láàrin Èkó sí Abẹ́òkúta kí ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí tó dáyé. Nígbà tó gbọ́ ẹjọ́ náà, kò bínú, kò dá sí tẹnikẹ́ni.

“Akọ̀wé, ìwọ tó o kàwé, ṣé o ti wọn epo yìí rí?”

“Ẹ ní kí n wọ̀n ọ́n báwo, Bàbá?”

Bó ṣe kọ́ ọ nìyí. Ó ní kó lọ sílé epo, kó ní kí wọ́n rọ ọ́ títí ẹnu ẹ̀rọ á fi gé fúnra ẹ̀, kó sì dá nọ́ńbà kékeré tó wà lábẹ́ gééjì padà sí òdo. Kó máa wà á bó ṣe ń wà á. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, kó padà sílé epo kan náà, nídìí ẹ̀rọ kan náà, kó tún rọ ọ́ títí á fi gé. Ẹ̀rọ yàtọ̀ síra wọn, ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ilé epo. Kìlómítà tó bá rìn, kó pín in sí iye lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Abẹ́rẹ́ gééjì epo kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣe é gbára lé, pàápàá nínú tòkunbọ̀.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọkùnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara ẹ̀. Òun ló ń kó ọmọ, òun ló ń gbé ìyàwó, oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, kìlómítà 154 ló rìn, lítà 22 ló wọlé. Ìyẹn jẹ́ kìlómítà 7 lórí lítà kan. Lítà 20 tó ń gbé e dé ọjọ́ Àbámẹ́ta tẹ́lẹ̀, bí 10 ló ń rìn lórí lítà nígbà náà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dán irú Corolla yìí wò fún ìrìn inú ìlú, nǹkan bí 11 ni wọ́n rí. Lóòótọ́, kò sí gó-sílóò abẹ́ afárá Sango nínú ìdánwò tiwọn, ṣùgbọ́n láti 10 bọ́ sí 7 kì í ṣe kékeré.

Kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹ̀gbọ́n, àbúrò wà ní Ijoko, epo sì ń lọ. Ta wá ni olè?

Bàbá Dírẹ́bà ní kó wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Láti Joju dé ibiṣẹ́, abẹ́rẹ́ náà kì í dé àárín rárá. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti rántí pé lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mọ́tò hó mọ́ òun lórí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sango. Mẹkáníìkì tó bá a wò ó yọ tẹmọsítáàtì jù sígbó, ó ní, “Ọ̀gá mi, àwọn òyìnbó ló nílò ẹ̀. Ilẹ̀ tiwa gbóná.” Nígbà tí iná ‘check engine’ tàn lẹ́yìn ìyẹn, ó fi tépù dúdú lẹ̀ ẹ́ bò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹmọsítáàtì yìí, torí òun ló ń jẹ owó ọ̀pọ̀ onímọ́tò láìmọ̀. Nǹkan kékeré ni, kò ju ìdérí ìgò ńlá lọ. Bí adènà ló ṣe ń jókòó sójú ọ̀nà tí omi ń gbà lọ sí rédíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, á ti ilẹ̀kùn kó lè tètè gbóná. Bó bá gbóná tó, á ṣí i. Bí wọ́n bá yọ ọ́ dànù, omi tútù á máa sàn káàkiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kọ̀ǹpútà inú mọ́tò á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ni, á sì máa da epo sí i lápọ̀jù. Ooru tó ń mú èèyàn láàgùn ní Sango, bóyá ló kọjá 35. Ẹ́ńjìnnì ń wá nǹkan bí 90. Kí ló kan ilẹ̀ gbígbóná nínú ìyẹn? Mọ́tò tó bá ń hó, ẹ yẹ fáànù rédíétọ̀ wò, ẹ wo ibi tí omi ti ń jò, ẹ wo ìdérí ẹ̀. Ẹ má lé adènà lọ nítorí pé olè wọlé.

Mẹkáníìkì mìíràn tí wọ́n gbé e lọ bá ki ẹ̀rọ ìyẹ̀wò bọ̀ ọ́, P0128 ló gbé jáde, tó túmọ̀ sí pé omi ẹ́ńjìnnì kì í gbóná bó ṣe yẹ. Wọ́n ra tẹmọsítáàtì. Owó ẹ̀ kò tó ìdajì owó epo ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀ràn kò tán síbẹ̀. Bàbá Dírẹ́bà ní kí wọ́n wà á lọ díẹ̀ láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kí wọ́n sì na ọwọ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (ẹ má fọwọ́ kàn án o, ó lè jó yín). Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ń ru bí ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n fi jáàkì gbé e, táyà kò ṣe é fọwọ́ yí: bíréèkì ti há mọ́ ọn. Ẹ wo ọkùnrin tó ń tẹná, tí bíréèkì ara ẹ̀ ń fà á sẹ́yìn, tó ń bá àbúrò ẹ̀ jà. Táyà ńkọ́? Gbogbo wọn ló rọ̀. Ojú ni fọkanáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ iye tó yẹ kó wọlé wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà.

Ó kù ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á. Bàbá Dírẹ́bà jókòó tì í láti Joju dé Sango. Bí ọ̀nà bá ti ṣí díẹ̀, ọkùnrin náà á tẹná dé mọ́lẹ̀, á tún tẹ bíréèkì lẹ́yìn tírélà.

“Ọmọ mi, ta lò ń lé? Tírélà tó o ń wò yẹn ò ní fò.”

Gbogbo epo tó bá jóná láti sáré, bíréèkì ló ń sọ ọ́ di ooru dànù. Àwọn tó wádìí ẹ̀ l'Ámẹ́ríkà ní wíwà bẹ́ẹ̀ nínú ìrìn dúró-ǹ-lọ lè fi ìdá 10 sí 40 nínú 100 gé ibi tí epo ń gbé èèyàn dé. Fi àyè sílẹ̀ níwájú, kí o rọra yí tẹ̀lé wọn.

Ibi tí wọ́n ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọkùnrin náà ti fẹ́ fi ọgbọ́n hàn, ó já a sí fírí. Bàbá gbá a lọ́wọ́. Láyé kábúrétọ̀, láyé Beetle àti 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ nílẹ̀ yìí lọ́dún 1975, ó ní ìtumọ̀, Bàbá náà ṣe é. Injẹ́tọ̀ ni tòde òní. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tí mọ́tò ṣì wà nínú jíà tó ń yí lọ, kọ̀ǹpútà á sé epo. Bó bá wà ní fírí, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mu epo kó má baà kú. Ẹni tó bá sì pa ẹ́ńjìnnì lórí ìrìn, bíréèkì á le, ọwọ́ ọkọ̀ náà á le.

Ẹ́ńjìnnì 1.8 tó dúró lójú kan, ó lè mu ohun tó sún mọ́ lítà kan ní wákàtí kan. Éèsì á tún fi kún un. Bí gó-sílóò bá dúró gbagidi, ẹ pa á, àfi tí bátìrì yín bá ti ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ fítà táwọn mẹkáníìkì fẹ́ràn láti máa tà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ bó bá dọ̀tí, ṣùgbọ́n nínú mọ́tò onínjẹ́tọ̀, agbára ló ń dá padà, epo kọ́. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn lẹ́nu sàléǹsà lẹ bá máa wò: wọ́n ní títún un ṣe lè fi tó ìdá 40 nínú 100 kún ìrìn mọ́tò bó bá ti kú pátápátá.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, ẹ̀gbọ́n fúnra ẹ̀ wa mọ́tò lọ sí Ijoko. Kò rán ẹnikẹ́ni. Ó bá àbúrò níwájú ilé níbi tó ti ń fọṣọ.

“Wọ́n ti rí olè náà,” ló sọ. “Nínú ẹ́ńjìnnì ló wà. Má bínú sí mi.”

Àbúrò kò tètè dáhùn. Ó fún aṣọ ọwọ́ ẹ̀ gbẹ. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ká ní mo fẹ́ jalè, ṣé epo lẹ rò pé mo máa jí?”

Ẹ̀gbọ́n kò rí èsì fọ̀. Ó bá a sá aṣọ ni, àwọn méjèèjì sì jọ padà sí Joju nírọ̀lẹ́.

Ìwé kékeré kan wà nínú mọ́tò báyìí, àbúrò ló ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, kìlómítà 198 ni wọ́n rìn, lítà 20 ló wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní kó kúkú kọ ọ́ sí 10. Ó ní rárá, 9.9 ló kọ.