Bí Kùrukùru Bá Bolẹ̀, Ẹ Fi Àpótí Náà Sílẹ̀

“Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo.” Lójú tèmi, gbólóhùn yìí léwu fún àwọn tó ń wá àpótí lẹ́tà ní Dartmoor ju irà àti paramọ́lẹ̀ ibẹ̀ lọ.

Pápá gbalasa olókùúta ni Dartmoor, ní Devon, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1854, amọ̀nà kan láti Chagford, James Perrott, gbé ìgò kan sí Cranmere Pool, níbi tó jìnnà sí ilé àti títì, kí ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lè fi káàdì rẹ̀ sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, àpótí kékeré ni wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ òkúta, tòun ti ìwé àti òǹtẹ̀ rọ́bà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á tẹ òǹtẹ̀ inú àpótí sínú ìwé tirẹ̀, á tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sínú ìwé àpótí, á sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ti rí 100 lè wọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní 100 Club. Eré tó dára ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye yìí máa ń kó sí èèyàn lórí, kò sì ní jẹ́ kó gbójú sókè wo ojú ọ̀run.

Kùrukùru Dartmoor kì í dá ìgbà. Òkúta ńlá tí ẹ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, kí ẹ tó tẹ òǹtẹ̀ tán, ẹ lè má rí i mọ́. Ẹni tó bá wá ń táràrà kiri nínú rẹ̀ lè rìn wọ irà bíi ti Fox Tor Mire. Ewé tútù yọ̀yọ̀ tó ń dán láàárín koríko gbígbẹ, omi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbẹ́sẹ̀ lé e. Fóònù nìkan ò tó, nítorí nẹ́tíwọ̀kì kì í sí níbi púpọ̀, òtútù sì máa ń jẹ bátìrì. Ẹ mú máàpù àti kọ́ńpáàsì tí ẹ mọ̀ ọ́n lò, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ òjò àti fèrè. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ fọn fèrè náà lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fọn ọ́n. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá wà, ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, ẹ ní adóòlà orí òkè lẹ ń fẹ́. Àwọn tó máa wá ò gbowó oṣù. Orí ibùsùn tàbí ẹnu iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti ń dìde.

Àwọn sójà náà tún wà níbẹ̀. Wọ́n ní pápá ìyìnbọn ní Okehampton, Willsworthy àti Merrivale, inú ti Okehampton gan-an sì ni Cranmere Pool wà. Wọ́n máa ń kéde ọjọ́ tí wọ́n máa yìnbọn ṣáájú. Bí ẹ bá rí àsíá pupa lọ́sàn-án tàbí iná pupa lóru, ẹ yà kúrò. Bí kò sí àsíá pàápàá, ẹ má fọwọ́ kan irin kankan tó wà nílẹ̀.

Dartmoor tó ṣí sílẹ̀ yìí ní onílẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1985 ló fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹsẹ̀ tàbí ẹṣin rìn lórí ilẹ̀ ìjẹko ibẹ̀. Àwọn àgùntàn àti ẹṣin kéékèèké tí ẹ ń rí, ẹran ọ̀sìn ẹlòmíràn ni. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta dé ọjọ́ 31 oṣù Keje, ẹ fi okùn sí ajá yín lọ́rùn, torí àwọn ẹyẹ ń yé sílẹ̀. Inú sì máa ń bí mi sí ẹni tó bá ń hú òkúta ilé tàbí ibojì àwọn tó gbé ibẹ̀ ní ohun tó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn, torí àpótí oníke! Bí ẹ bá rí àpótí, ẹ dé e pa dáadáa, kí ẹ sì dá a padà síbi tí ẹ ti mú un.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Exeter àti Plymouth, ẹ kó àwọn ọmọ lọ. Kí ẹ tó jáde, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa dé fún ẹnì kan nílé, kí ẹ sì pe onítọ̀hún nígbà tí ẹ bá padà dé ìdí ọkọ̀.