Bí Dírẹ́bà Bá Ní Ọkọ̀ Ń Dún

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń gbé Magodo, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí lónìí, ẹ má bínú sí àgbà. Ẹ ó gbé píkọ́ọ̀pù lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá fún sáfíìsì, ẹ ó san owó gọbọi. Bó bá di ọjọ́ kejì, dírẹ́bà á ní, "Ọ̀gá, mọ́tò yìí ti ń dún o, kò sì dún bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀." Kí lẹ máa ń fọ̀ lésì? Ẹ ó ní ó tún ti dé, owó ló fẹ́ jẹ. Ẹ ó ní ṣé òun ló wá mọ mọ́tò ju àwọn tó ń tà á lọ ni. Láti ọjọ́ náà lẹ ti kọ́ ọ pé kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Yóò yí rédíò sókè, yóò máa wà á lọ.

Ìwà yìí ni mo ń kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀. Ẹni tó ń di sítíá mú lójoojúmọ́ ni etí rẹ̀ súnmọ́ ọkọ̀ jù. Ìró tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn sáfíìsì kì í sì í sábà jìnnà sí ibi tí ọwọ́ oníṣẹ́ kàn. Ẹ gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ ka ohun tí wọ́n tú àti ohun tí wọ́n pààrọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọ́ìlì ni wọ́n pààrọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kí ẹ tó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà jáde lè má fún dáadáa. Àwọn mìíràn á tú fílítà àtijọ́, rọ́bà rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ íńjìnì, wọn ò ní wò ó, wọ́n á de tuntun lé e lórí; ọ́ìlì á máa tú dànù. Íńjìnì tí kò ní ọ́ìlì nínú, irin ló ń fi lu irin. Ìró rẹ̀ a máa wúwo, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ láti ìsàlẹ̀, bí ẹ bá sì ṣe ń tẹ tọ́tù ni yóò máa yára. Bí iná ọ́ìlì pupa bá tún tàn, ẹ má wà á dé géètì ẹ́sìteéètì. Ẹ pe ọkọ̀ tí yóò wá wọ́ ọ. Owó ìyẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó íńjìnì tòkunbọ̀ ní ọjà Ladipo, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín lé lórí.

Ìró tí kì í dún àfi tí táyà bá ń yí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ dúró sójú kan, ẹ tẹ tọ́tù: bí kò bá dún, ẹ fi íńjìnì sílẹ̀, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Bó bá jẹ́ bíréèkì ni wọ́n ṣe, nọ́ọ̀tì táyà àti bóòtù kálípà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sípánà kàn. Táyà tí wọ́n bá tú, ó yẹ kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ fún lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 80 sí 100. Mélòó nínú wa ló ń padà lọ? Èyí tó bá ń dún kò-kò lórí bọ́m̀pù lè jẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, bọ́ọ̀ṣì tàbí ṣọ́ọ̀kì. Ó sì lè jẹ́ páànù tó bo abẹ́ íńjìnì lásán, tí wọ́n tú kí wọ́n lè da ọ́ìlì, tí wọn ò sì dá gbogbo bóòtù rẹ̀ padà. Ti páànù kì í sábà pani. Ti nọ́ọ̀tì táyà ń pani. Létí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń tẹ fóònù, ìró kan náà ni wọ́n.

Mi ò ní kí ẹ di gbogbo ẹ̀bi ru mọkáníìkì o, epo náà lè fà á. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, bẹntiróòlù tí mẹtánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ wọ ilẹ̀ yìí, ìjọba fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́. Epo tí wọ́n sì fi kẹrosíìnì lú a máa mú kí íńjìnì dún ta-ta-ta nígbà tó bá ń gun òkè. Ẹ bi dírẹ́bà ní ilé epo tó yà sí nígbà tó ń bọ̀ láti ibi sáfíìsì. Ẹ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó lè sọ òótọ́.

Ẹ lè ní kí ló kan àgbà nínú mọ́tò ẹlòmíràn. Afárá Otedola ò jìnnà sí yín. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, táńkà tó gbé bẹntiróòlù dànù níbẹ̀, epo tú, iná sọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní bíréèkì rẹ̀ ló kọṣẹ́. Ó kéré tán, ènìyàn 9 ló kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 ló sì jóná. Àwọn tí iná ká mọ́ inú ọkọ̀ wọn kò mọ nǹkan kan nípa bíréèkì táńkà. Wọ́n kàn ń lọ sílé ni.

Ẹ̀yin ilé iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọṣẹ́ de nọ́ọ̀tì kí ọ̀gá má lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí oníbàárà bá padà dé, ẹ má sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo irú ọkọ̀ yẹn ṣe ń dún. Kí ló dé tí kò dún lánàá? Ẹ bá a wọkọ̀, kí ẹ jọ gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó lè tún ìró tí kò gbọ́ ṣe. Òfin ààbò oníbàárà, FCCPA ti ọdún 2018, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ tó pójú owó, LASCOPA, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sì wà ní Èkó fún ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ. Kí ẹ̀yin oníbàárà fi fóònù gba ìró náà sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó mọ̀. Ó mọ̀ pé íńjìnì ti ń nọ́ọ̀kì, ó lọ ra ọ́ìlì tó ki, ó dà á sí i kí ìró náà lè rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó gbé ọkọ̀ síta pé títà ni. Ọmọ ọlọ́mọ tó fi owó àjọ rà á kó lè máa kó tòmátì ní Mile 12, òun ni íńjìnì yóò kú mọ́ lọ́wọ́ ní Kara lójú ọ̀nà márosẹ̀ lóru. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é mọ ara yín. Ẹ jáwọ́ níbẹ̀.