Òmìnira Wo Ni Àwọn Oníṣẹ́-ọnà Pólándì Gbà?

Ẹnu àwọn kan kò sinmi pé ọdún 1989 tí ìjọba Kọ́múníìsì ṣubú ni àwọn oníṣẹ́-ọnà Pólándì bọ́ lóko ẹrú. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ní 1990 ni wọ́n fòpin sí ọ́fíìsì ìjọba tí ń yẹ ìwé àti iṣẹ́-ọnà wò kí aráyé tó rí wọn. Ṣé Kọ́múníìsì ni ó wá gbé Dorota Nieznalska lọ sí kóòtù? Ní 2001 ni ó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀, Pasja, ní Gdańsk: àwòrán ìhòòhò ọkùnrin lára àgbélébùú. Àwọn kan ní ó tàbùkù sí ẹ̀sìn àwọn. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2003. Ọdún 2009 ni wọ́n tó dá a láre!

Ẹ wo Natalia LL, tí ó jẹ́ àgbà fún un. Abẹ́ Kọ́múníìsì, láàárín 1972 sí 1975, ni ó ya àwòrán obìnrin tí ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ní 2019, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Warsaw yọ ọ́ kúrò lára ògiri; ọ̀gá ibẹ̀ ní irú rẹ̀ lè da ọkàn àwọn ọ̀dọ́ rú. (Àwa tí a ń kọ́ ọ̀dọ́ mọ̀ pé àwáwí lásán nìyẹn.) Àwọn ará ìlú péjọ síwájú ilé náà, wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yin 1989, ìjọba wo ni ó yọ àwòrán yẹn?