Wọ́n ní ká wá tọ́jú òbí àwọn, wọ́n ní ká fi ọmọ tiwa sílé: Kí ni ìjọ Kristi yóò sọ?

Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 2024 ni òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àjèjì tó bá ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn níbẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Oṣù kejì, ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn físà náà fún àwọn olùtọ́jú, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ 22, oṣù keje, ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó wà lókè òkun. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Shabana Mahmood, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn, tún dábàá pé kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lo ọdún 15, dípò 5, kó tó gba ìwé ìgbélùú títí láé.

Kò sẹ́ni tó lè ní ìjọba kò láṣẹ lórí ibodè rẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Pọ́ọ̀lù pàápàá, nínú orí 13 ìwé Róòmù, kọ́ onígbàgbọ́ láti tẹríba fún aláṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síbẹ̀, ìdajì Ìwé Mímọ́ ló kà. Orí 19 ìwé Léfítíkù pa á láṣẹ pé kí a fẹ́ràn àlejò bí onílé, nítorí Ísírẹ́lì náà ti ṣe àlejò rí ní Íjíbítì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Ọ̀pọ̀ arúgbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọlọ́mọ ló ń wẹ̀ wọ́n, tó ń bọ́ wọn. Ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti Ìbàdàn fi ọmọ rẹ̀ ti ìyá àgbà. Ta ni yóò tọ́jú ìyá àgbà náà? Ìjọba lè dín iye ẹni tó ń wọlé kù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà wọlé, kó gbà á bí ènìyàn tó ní ẹbí. Ìgbéyàwó tí a so níwájú pẹpẹ, kò yẹ kí físà tú u.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Láàárín oṣù keje, ọdún 2022 sí oṣù kejìlá, ọdún 2024, iléeṣẹ́ ìtọ́jú tó lé ní 470 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé àṣẹ ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn alágbàtà kan ta físà fún ẹni tí kò bá iṣẹ́ kankan níbẹ̀ nígbà tó dé. Pásítọ̀ tó bá mọ irú wọn nínú ìjọ, tó ṣì ń gba ìdámẹ́wàá wọn, kò lẹ́nu láti bá ìjọba wí.

Bíṣọ́ọ̀bù 26 ló ní àyè ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ọdún 2022 kọ lẹ́tà tako kíkó àwọn tó ń wá ibi ìsádi lọ sí Rùwáńdà. Ó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ lórí èyí náà. Ẹ̀yin ará wa tó wà níbẹ̀, ẹ rántí pé ọmọ ilẹ̀ Kọ́mọ́núwẹ́ẹ̀tì ni yín: ẹni tó bá ní ìwé ìgbélùú, tó sì forúkọ sílẹ̀, lè dìbò. Àdúrà kò burú, ṣùgbọ́n Nehemáyà gbàdúrà tán, ó tún lọ bá ọba sọ̀rọ̀.