Ìlera Ilé: Àwọn Ìyá Tí Wọ́n Tún Ọbẹ̀ Sè

Púpọ̀ nínú wa gbà pé bí owó bá wà, tí ilé ìwòsàn sì wà nítòsí, àìsàn ti tán nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Fínlándì, ilẹ̀ olówó kan ní apá àríwá Yúróòpù.

Ìgbèríko kan wà ní ìlà-oòrùn ibẹ̀ tí à ń pè ní Àríwá Karelia. Ní nǹkan bí ọdún 1970, ó wà lára àwọn ibi tí àrùn ọkàn ti ń pa ọkùnrin jù lọ ní ayé. Agégẹdú ni wọ́n, àgbẹ̀ ni wọ́n, alágbára ènìyàn. Síbẹ̀ ẹni tí kò tíì pé ọmọ 50 ọdún a ṣubú lójijì, a fi aya àti ọmọ sílẹ̀. Ebi kọ́ ló ń pa wọ́n. Bọ́tà, wàrà ọlọ́ràá, ẹran ọlọ́ràá, iyọ̀ àpọ̀jù àti sìgá ni. Ní ọdún 1972, bí ìdajì àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ló ń mu sìgá. Ewébẹ̀ ńkọ́? Lójú ọ̀pọ̀ wọn, oúnjẹ ẹranko ni.

Ní 1971, gómìnà wọn, àwọn aṣòfin àti àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba pé: ẹ gbà wá. Ní 1972, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Dókítà kan tí kò tíì pé ọmọ 30 ọdún, Pekka Puska, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mọ̀ pé ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri nìkan kò lè yí ọbẹ̀ padà. Ta ló ń se ọbẹ̀? Àwọn ìyá ni. Nítorí náà, wọ́n tọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá lọ, tí a ń pè ní Martat, tí a ti dá sílẹ̀ láti 1899. Àwọn ìyá wọ̀nyí a pe àsè. Àsè ẹ̀mí gígùn ni wọ́n sọ ọ́. Wọn a se ọbẹ̀ ẹran ìbílẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn a dín ọ̀rá rẹ̀ kù, wọn a fi kárọ́ọ̀tì àti ọ̀dùnkún kún un. Wọn a jọ jẹ ẹ́, wọn a sì jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni ni a fi ń kọ ‘mi ò jẹ’. Ẹnu náà ni wọ́n fi tọ́ ọ wò, tí wọ́n sì gbà á.

Wọ́n tún yan àwọn tí ará abúlé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, wọ́n kọ́ wọn, wọ́n rán wọn padà sí àárín aládùúgbò wọn. Nígbà tó yá, abúlé ń bá abúlé díje: níbo ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yóò ti dín kù jù?

Inú gbogbo ènìyàn kò dùn. Àwọn tí ń sin màlúù bínú, nítorí láti ara wàrà ni wọ́n ti ń jẹun. Iṣẹ́ náà kò bá wọn jà. Ó ran àwọn kan lọ́wọ́ láti máa gbin èso wẹ́wẹ́ tí ilẹ̀ òtútù wọn gbà.

Kí ló ti ibẹ̀ jáde? Láàárín nǹkan bí 40 ọdún, ikú àrùn ọkàn láàárín àwọn ọkùnrin tó wà ní ọjọ́ orí iṣẹ́ fi ohun tó ju 80 lọ nínú 100 dín kù. Òótọ́ ni pé oògùn tó dára sí i ní ìpín tirẹ̀, àti pé ikú náà dín kù káàkiri Fínlándì. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ rí i pé èyí tó pọ̀ jù wá láti inú ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá tó dín kù.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni kí a mú lọ. Èkíní, owó nìkan kì í ra ìlera. Èkejì, ohun tí ẹnì kan kò lè dá ṣe nílé rẹ̀, ẹgbẹ́ a mú un rọrùn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ̀kẹta, ẹni tí a fẹ́ tún ayé rẹ̀ ṣe, ẹ má ṣe gba oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láì fi òmíràn rọ́pò.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, ẹ bi ara yín léèrè: iyọ̀ àti kúùbù mélòó ni à ń sọ sínú ìkòkò? Ta ni yóò kọ́kọ́ dín in kù, kí a jọ tọ́ ọ wò?