Ẹ Wò Ó Kí Ẹ Tó Wó O: Ọ̀rọ̀ Bátìrì Ńlá àti Bátìrì Kékeré

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo mọ̀ pé mo ti ṣèlérí lọ́sẹ̀ tí ó kọjá pé ìjà èmi àti àwọn tí ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí gọ́tà ni n óo bá dé òpin lónìí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi ti ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní Ìyànà Ìbà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ti gba kálámù lọ́wọ́ mi. Lẹ́bàá títì tí ó lọ sí Bàdágìrì, níbi tí àwọn dáńfó Mile 2 àti àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, mo rí ọkọ̀ Lexus ES 300h kan, ọkọ̀ ọlọ́lá, ọkọ̀ bọ̀rọ̀kìnní, a-rìn-má-pariwo, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń tì bọ̀ tipátipá nínú oòrùn ọ̀sán, tí òógùn sì ti bò wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó kó wọn jọ ń sáré tẹ̀lé wọn, ó ń kígbe pé, “Ẹ tì í dáadáa! Yóò mú!” Kò mú. Bí wọ́n bá tì í láti ibẹ̀ dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kò ní í mú, nítorí pé ọkọ̀ háíbíríìdì, èyí tí ń lo epo àti iná pọ̀, kì í ti ipa títì ṣáná.

Aládùúgbò mi ni ó ni ọkọ̀ náà, Ìyá Ìbejì tí ń ta tẹlifísọ̀n ní ọjà Alaba, obìnrin a-jí-má-sùn, tí gbogbo àdúgbò ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí lítà epo bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà l'Ékòó tẹ́lẹ̀ sì ti kọjá 550 náírà kí oṣù keje tó parí, òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ọkọ̀ tí ń fi iná ran epo lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ra tòkúnbọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí ó ti gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìrìn àjò, ó dé, ó tẹ pówà, ọkọ̀ kò dáhùn. Mẹkáníìkì wá, ó ní kíìkì ni ó ti jó. Ó tú abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì káàkiri, ó ń wá kíìkì tí àwọn tí ó kọ́ ọkọ̀ náà kò fi síbẹ̀. Nígbà tí kò rí i, ó ní kí wọ́n tì í. Nígbà tí títì kò jẹ́, ó fi skáànà kàn án, kóòdù rọ́ jáde, ó sì dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀: “Mọ́mì, bátìrì ńlá ti kú. Ẹ lọ wá mílíọ̀nù kan ààbọ̀.”

Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà! Ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ gbólóhùn mi, èyí tí mo ti sọ fún àwọn tí ń fi katapílà wó ilé onílé láìwo ìwé rẹ̀, tí mo sì ti sọ fún àwọn tí ń ta oògùn gbogbo-ń-ṣe fún èrò inú mọ́tò láìbéèrè ohun tí ń ṣe wọ́n: ẹ wò ó kí ẹ tó wó o. Lónìí, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ: èkíní, bí irú ọkọ̀ yìí ṣe ń jí, èkejì, ọ̀nà tí ó yẹ kí a gbà wá àrùn rẹ̀, ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ àwọn tí ń kó èyí tí omi ti mù wọ̀lú láti ebúté Tin Can.

Èkíní. Ọkọ̀ háíbíríìdì kì í ṣe ohun tuntun mọ́. Oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni Toyota ti bẹ̀rẹ̀ sí ta Prius ní Japan. Ní 2005 ni Lexus gbé RX 400h jáde, tí ọgbọ́n náà sì wọ agbo àwọn ọkọ̀ olówó. ES 300h tẹ̀lé e ní 2012. Bátìrì méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ńlá wà lẹ́yìn àga ẹ̀yìn, ìdì 34 tí a tò mọ́ra, tí ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ fólítì 7.2, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ fólítì 244.8; ẹ̀rọ mìíràn sì tún wà tí ó lè gbé agbára náà ga dé fólítì 650 kí ó tó fi yí táyà. Kékeré wà ní kọ̀rọ̀ apá ọ̀tún bùútù, fólítì 12 péré. Kíìkì kò sí, áátánétọ̀ kò sí. Mọ́tò iná tí ó wà nínú gíáàbọ́ọ̀sì ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó bá tó àkókò, ẹ̀rọ kan tí ń bu iná lára bátìrì ńlá ni ó sì ń bọ́ kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa: bátìrì kékeré yìí ni ó ń jí gbogbo kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ náà, òun náà ni ó ń gbé àwọn rílè ńlá tí ó so bátìrì ńlá mọ́ ara ọkọ̀. Bí kékeré bá ti rẹ̀, ńlá ìbáà kún dẹ́nu, agbára rẹ̀ kò ní í rí ọ̀nà jáde, iná READY tí ó yẹ kí ó tàn lójú dáṣìbọ́ọ̀dù kò sì ní í yọ.

Ọ̀dọ́mọdé rẹ́wáyà kan ni ó gba Ìyá Ìbejì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju àga kan àti agboòrùn kan lọ ní ọ̀nà tí ó lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Kò fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì apá ọ̀tún bùútù sókè, ó yọ ìdérí rẹ̀, ó fi ẹnu pupa mítà kan orí pọ́sítíìfù, ó fi dúdú kan orí kejì: 10.9, nígbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ nǹkan bíi 12.6. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ bírẹ́kì mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ pówà.” Nọ́ńbà ojú mítà já wálẹ̀ lójú wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 7, gbogbo iná dáṣìbọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú, rílè ń dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀, READY kò yọ. Ó gbé bátìrì mìíràn wá, ó so pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, ó so nẹ́gétíìfù mọ́ irin ara ọkọ̀, ó sì ti wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó so wọ́n, nítorí pé ẹni tí ó bá gbé wọn sódì lè fi ìṣẹ́jú àáyá kan jó ẹ̀rọ tí ń bọ́ bátìrì kékeré. Ó tún ní kí wọ́n tẹ pówà. READY yọ. Ojú mítà gòkè dé 14.1. Ó ní, “Ó ti ń ṣáàjì. Bátìrì ńlá kò kú.” Lẹ́yìn náà ni ó tọ wáyà kékeré kan títí dé abẹ́ dáṣìbọ́ọ̀dù, tí ó bá trákà kan tí ẹnìkan ti so mọ́ ọn, tí ń mu iná díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ náà fi wà lórí ìdúró.

Bátìrì kékeré àti trákà! Ohun tí wọ́n fẹ́ fi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ wò nìyẹn. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Babaláwo kì í la ẹbọ kalẹ̀ kí ó tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀. Ìbéèrè ni ó ń ṣíwájú, odù a sì jáde, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹran tàbí ẹyẹ. Mo sì fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó wá dá Ifá a máa fi owó ìdáfá sílẹ̀, owó ẹbọ a sì wà lọ́tọ̀. Àwọn àgbà mọ̀ pé bí aláyẹ̀wò kò bá rí nǹkan jẹ nínú àyẹ̀wò, inú ìtọ́jú ni yóò ti wá a.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àbúrò baba mi, olùkọ́ àgbà, ní Peugeot 504 kan ní Abẹ́òkúta, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná láti ọdún 1975. Ọkọ̀ náà le bí ó ti le, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọyẹ́ kì í bá a lára mu, àwa ọmọ ilé ni a sì máa ń tì í sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtókò títí tí yóò fi ta gìrì tí yóò sì mú. Inú mi ń dùn bí mo ti ń rántí rẹ̀: eruku, ariwo, àti ohùn baba náà láti inú fèrèsé, tí ń kí wa ní oríkì lọ́kọ̀ọ̀kan títí a óo fi gbàgbé pé ó rẹ̀ wá. Rẹ́wáyà rẹ̀, baba arúgbó kan, ní gílóòbù kékeré tí ó so wáyà méjì mọ́, ìyẹn nìkan ni irinṣẹ́ rẹ̀. Kí ó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti gba owó ojú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ṣóńṣó ẹnu wáyà kan ni ó jẹrà, yóò fá a, yóò dè é, yóò sì kí ọ pé ó dàbọ̀. Kò tíì gba kọ́bọ̀ lé owó àkọ́kọ́ rí. Àbúrò baba mi kò sì fi ìgbà kan ráhùn pé owó wíwò pọ̀. Ó ní ẹni tí kò bá lè sanwó fún ojú yóò sanwó fún irin.

Ibi tí inú ti bẹ̀rẹ̀ sí bí mi jù nìyí. Nígbà tí ọ̀dọ́mọdé rẹ́wáyà yẹn béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, Ìyá Ìbejì, tí ó ṣe tán láti lọ yá mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wò ó tìyanutìyanu, ó ní, “Fún kí ni? Ṣebí mítà lásán lo fi kàn án!” Mo ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, mítà yẹn ni ó gbà yín.” Ó sanwó, ṣùgbọ́n ó kùn délé. Kì í ṣe òun nìkan. Láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, láti Ìbà dé Òkòkómáíkò, kò sí onímọ́tò kan nínú mẹ́wàá tí ń fẹ́ san owó àyẹ̀wò. Ohun tí a bá lè gbé lọ́wọ́ ni a ń sanwó fún: bátìrì, plọ́ọ̀gì, pọ́ǹpù, ẹrù tí a lọ kó ní Ládípọ̀ tàbí ní Trade Fair. Ẹni tí ó mọ̀ pé kò sí ohun tí ó bàjẹ́ yóò lọ sílé pẹ̀lú ebi, ẹni tí ó bá parọ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ó bàjẹ́ yóò jẹ ẹran. Kí ni a rò pé ọmọ iṣẹ́ tí ń wò wọ́n yóò kọ́? Àwa fúnra wa ni a ń kọ́ àwọn mẹkáníìkì wa láti máa pa ohun tí kò ṣàìsàn.

Èkejì ni mo ti ń sọ láti òkè wá, kí n tilẹ̀ fi kún un kíákíá. Kí ẹnikẹ́ni tó dá bátìrì ńlá lẹ́jọ́ ikú, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá bátìrì inú rìmóòtù ni ó ti kú, nítorí pé bí a bá fi ojú rìmóòtù náà kan bọ́tìnnì pówà, ọkọ̀ yóò dá a mọ̀. Kí ó wò bóyá iná bírẹ́kì ń tàn lẹ́yìn, nítorí pé ọkọ̀ tí kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ wà lórí bírẹ́kì kò ní í jí. Lẹ́yìn náà kí ó wọn bátìrì kékeré, kí ó sì wo ẹnu wáyà rẹ̀ bóyá ó ti hu funfun. Bátìrì kékeré tí ó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ a máa mú kí kọ̀ǹpútà kọ kóòdù lóríṣiríṣi, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe òtítọ́: ẹ pa wọ́n rẹ́, ẹ fi bátìrì kékeré tí ó pé sí i, ẹ wa ọkọ̀ náà, kí ẹ tún wọn kà. Bí P0A80 bá tún padà wá, ìyẹn kóòdù tí ń sọ pé bátìrì ńlá ti ń rẹ̀, ẹ má tíì dá ẹjọ́. Skáànà tí ó dára yóò fi ìdì 34 yẹn hàn ní méjìméjì, ọ̀nà 17. Bí ọ̀kan bá ń já ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tí a bá tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni àrùn wà. Ẹ wo ihò atẹ́gùn lẹ́bàá àga ẹ̀yìn pẹ̀lú, ibi tí fáànù ti ń fa atẹ́gùn fún bátìrì ńlá, nítorí pé eruku títì Bàdágìrì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀ ní ọdún 2009, ti dí ọ̀pọ̀ wọn pa, ooru a sì máa pa bátìrì tí ó dára.

Ẹ kò gbọdọ̀ fi wáyà aláwọ̀ ọsàn ṣeré. Ẹni tí kò ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún agbára 1,000 fólítì, tí kò yọ nẹ́gétíìfù bátìrì kékeré, tí kò yọ púlọ́ọ̀gì ìdáàbòbò ara bátìrì ńlá, tí kò sì dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí iná tí ó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀rọ tó tán, kí ó jọ̀wọ́ jókòó. Mo rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ wọn tí ń fi pílíásì fa irú wáyà bẹ́ẹ̀, àyà mi sì já. Ọmọ ẹlẹ́ni ni wọ́n. Ògún Lákáayé, tí àwọn oníṣẹ́ irin ń bọ, kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ kọ́ṣẹ́ bọ òun.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí omi ti mù, ààyè kò gbà á mọ́, mo sì fẹ́ fi ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́ kù parí ọ̀rọ̀ owó yìí. Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì àti ẹ̀yin rẹ́wáyà agbègbè yìí: ẹ kọ iye owó àyẹ̀wò sára pátákó yín, kí ó hàn gbangba, kí ẹ gbà á kí ẹ tó ṣí ohunkóhun, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà ojú mítà. Mo bẹ ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù Alaba, ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì, ẹ̀yin olówó orí ọ̀nà Ìgàndò: ẹ san án láìjà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé irú pátákó bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láti Ìyànà Ìbà dé Òkòkómáíkò, kí ó kọ̀wé sí mi. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni yóò ṣíwájú nínú abala yìí lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Àwọn onígọ́tà yóò dúró sẹ́yìn rẹ̀.