Ìkéde Àwa Tí Ń Kọ Ètò Kọ̀ǹpútà ní Ìlú Ọba

Àwa tí a ṣe ìkéde yìí, ètò kọ̀ǹpútà kíkọ ni a fi ń jẹun ní ìlú ọba. Manchester àti Leeds ni wọ́n bí àwọn kan nínú wa sí. Àwọn mìíràn ti kọ́ṣẹ́ ní Yábàá tàbí Ìbàdàn kí wọ́n tó wọkọ̀ òfúrufú. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ló ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì arúgbó, òun ló ń to aláìsàn sórí ìlà dókítà, òun ló ń sọ fún báǹkì ẹni tí wọ́n lè yá lówó. Agbára ńlá lèyí, ẹnikẹ́ni kò sì dìbò yàn wá sídìí rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a gbà gbọ́ ṣáájú ohun gbogbo rèé: ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ borí ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó kọ kóòdù sì gbọdọ̀ lè dúró dáhùn níwájú ẹni tí kóòdù náà pa lára.

Horizon ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ní 1999 ni Post Office bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò ìṣirò owó tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ àwọn ẹ̀ka rẹ̀ káàkiri Bìrìtéènì; ICL, ilé-iṣẹ́ tó wà lábẹ́ Fujitsu ti ilẹ̀ Japan, ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka wọ̀nyí, ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ni, tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì àti ìwé ìròyìn lápá kan, tí wọ́n ń ta sítáǹpù tí wọ́n sì ń san owó ìfẹ̀yìntì lápá kejì. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń bójú tó wọn fi ń rí i pé iye tí kọ̀ǹpútà ní ó yẹ kó wà nínú àpótí ju iye tí ọwọ́ wọn kà lọ. Post Office ní kí wọ́n fi owó ara wọn dí i. Wọ́n tẹ ìlà ìrànlọ́wọ́ láago. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ ni pé àwọn nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láàárín 1999 sí 2015, àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi olè, jìbìtì tàbí ìṣirò èké, tí ẹ̀rí Horizon sì wà nínú ẹjọ́ wọn, lé ní 900.

Seema Misra ti West Byfleet ní Surrey wọ ẹ̀wọ̀n ní oṣù kọkànlá ọdún 2010 tòun ti oyún nínú. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n dá fún un. Lee Castleton ti Bridlington kò tilẹ̀ dé ilé ẹjọ́ ọ̀daràn: ẹjọ́ gbèsè ni wọ́n pè é, wọ́n sì bu owó ẹjọ́ tó tó 321,000 pọ́n-ùn lé e lórí ní 2007, títí tó fi di ẹni tí a kéde pé kò lè san gbèsè mọ́. A bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka orúkọ wọ̀nyí. Nígbà tí ọ̀gá bá sọ fún wa pé àṣìṣe kékeré ni, pé ó lè dúró di oṣù tó ń bọ̀, àwọn ni a fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ wa rántí.

Báwo ni ilé ẹjọ́ ṣe gba ẹ̀rọ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀? Òfin ló ṣílẹ̀kùn fún un. Òfin kan ti 1984 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde ṣe ẹ̀rí nínú ẹjọ́ ọ̀daràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ní 1999, ọdún kan náà tí Horizon wọlé, ilé aṣòfin fagi lé apá yẹn. Bí òfin náà ṣe lọ, adájọ́ ní England àti Wales wá ń gbà pé ara ẹ̀rọ dá títí ẹnìkan yóò fi fi hàn pé kò dá. Ta ni yóò fi hàn? Oníṣọ́ọ̀bù abúlé tí kò rí kóòdù náà rí, tí wọn kò sì fi àkọsílẹ̀ àṣìṣe rẹ̀ hàn án. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ibi tí ti àwọn adájọ́ wọ̀nyí wá burú dé ni pé ẹnìkan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn.

A fẹ́ kí ìlànà 1984 padà, kó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà rojọ́ mọ́ ènìyàn, kó kọ́kọ́ tẹ́ ìwé àṣìṣe ètò náà síta, kó sọ ẹni tó láṣẹ láti wọ inú rẹ̀, kó sì fi àkọsílẹ̀ ìgbà tí wọ́n wọ ibẹ̀ hàn.

Alan Bates, tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Llandudno ní 2003, ló kó àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jọ, 555 sì ni wọ́n dé iwájú ilé ẹjọ́ gíga. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Adájọ́ Fraser sọ ọ́ gbangba pé àṣìṣe inú Horizon lè mú kí owó dín, ó sì ti mú un dín rí. Ní 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wẹ 39 mọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Misra wà lára wọn. Ní 2024, ilé aṣòfin ṣòfin láti wẹ àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún mìíràn mọ́.

Ọlá ńlá ni ti Bates. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹgbẹ́ wa fi ṣe àwòkọ́ṣe ni Richard Roll, torí pé iṣẹ́ kan náà ni òun àti àwa jọ ń ṣe. Fujitsu ló bá ṣiṣẹ́ ní Bracknell ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Post Office ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sí ẹni tó lè ti òkèèrè wọ ìwé owó ẹ̀ka kankan. Roll mọ̀ pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń wọ ọ́. Ó sọ ọ́ fún BBC ní 2015, ó tún sọ ọ́ nílé ẹjọ́ ní 2019. Ohun tí a ń bi ara wa ni pé, mélòó nínú wa ni ìbá sọ ọ́?

Ibẹ̀ ni ìlànà wa lórí iṣẹ́ ti wá. Ẹni tó ti rẹ̀ kò lè rí àṣìṣe. Ẹni tí ìbẹ̀rù mú, bó bá rí i, kò ní sọ. A kò ní gba ìpè òru tí kò ní owó àti ìsinmi lẹ́yìn. A ó máa ya àkókò sọ́tọ̀ fún títún ohun àtijọ́ ṣe, kì í ṣe ìgbà tí iṣẹ́ tuntun bá tán, nítorí iṣẹ́ tuntun kì í tán. A lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé "ètò yìí kò tíì yẹ ní gbígbé síta", kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ tọjọ́-tọjọ́. Láìpẹ́ yìí, ẹ̀rọ tó ń kọ kóòdù fúnra rẹ̀ ti wọ ọ́fíìsì wa. A kò bá a jà. Ẹni tó bá gbé kóòdù rẹ̀ wọlé ló ni kóòdù náà. Kò sí ẹni tí yóò dúró níwájú Seema Misra tó ń bọ̀ kó sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é.

Àwọn ọ̀gá tó gbà pé òṣìṣẹ́ tí ojú wọn kò tó kì í ṣiṣẹ́, kí wọ́n lọ ka ìtàn Stephanie Shirley. Ọmọdé tí wọ́n gbé sá lọ́wọ́ Hitler wá sí Bìrìtéènì ní 1939 ni. Ní 1962 ó fi 6 pọ́n-ùn dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ń gba àwọn obìnrin tó mọ ètò kọ̀ǹpútà kọ ṣùgbọ́n tí ọmọ títọ́ ti lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ni wọ́n jókòó sí, pẹ̀lú pẹ́ńsù, bébà àti tẹlifóònù. Nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ kò rí èsì, ó ń fi Steve buwọ́ lù ú, èsì sì ń dé. Nínú 300 òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, 297 jẹ́ obìnrin, àwọn ló sì kọ ètò fún àpótí tó ń gba ìrìn ọkọ̀ òfúrufú Concorde sílẹ̀. Ní 2022 pẹ̀lú, ilé-iṣẹ́ 61 ní Bìrìtéènì dán ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin wò láìgé owó oṣù ẹnikẹ́ni. 56 nínú wọn ló ní àwọn yóò máa bá a lọ.

Lórí àwùjọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orírun rẹ̀: Tim Berners-Lee, ọmọ London, ló ṣe wẹ́ẹ̀bù nígbà tó wà ní ilé ìwádìí CERN, CERN sì kéde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993 pé ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé. Orí ọ̀fẹ́ yẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kọ́ ilé wọn lé, tí wọ́n wá ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwa tí a wà nínú. Nígbà tí Yahoo pa GeoCities ní 2009, ojú ewé àìmọye tí àwọn ènìyàn fi ọdún pípẹ́ kọ ló lọ, àyàfi èyí tí àwọn olùfẹ́ ìtàn sáré dà kọ. Ẹni tó bá pe ènìyàn wá kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀, kó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn láti kó ẹrù wọn jáde. Ẹgbẹ́ wa kò ní kọ ètò tí kò bá ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Àwùjọ kékeré tí àwọn ènìyàn mọ ara wọn ni a yàn láàyò. Àwùjọ tí kò ní olùtọ́jú tí a mọ̀ lórúkọ dà bí ọjà tí kò ní ìyálọ́jà: ìjà ò ní dópin, kò sì sí ẹni tí a ó fẹjọ́ sùn. A fara mọ́ ọn pé kí ìjọba dáàbò bo ọmọdé. Ṣùgbọ́n òfin ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2023, tí owó ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 18 pọ́n-ùn, da ẹ̀rù bo àwọn tó ń fi àpò ara wọn tọ́jú àwùjọ kékeré, àwọn kan sì ti ti tiwọn pa. Ohun tí a ṣe fún erin kò yẹ ní dídi ru èkúté. A fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe.

Orúkọ tún jẹ wá lógún. Ẹ́ tí a fi àmì sí lórí, tí a tún fi sí nísàlẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà kan nínú kọ̀ǹpútà. Ó kéré tán méjì ni wọ́n so pọ̀. Ètò tí kò mọ èyí a máa gé orúkọ Yorùbá sí méjì, tàbí kó sọ pé kò bófin mu. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa tí yóò gbé fọ́ọ̀mù síta láì kọ́kọ́ fi orúkọ irú Ọláṣubọ̀mí àti Ẹ̀bùnolúwa dán an wò, pẹ̀lú àmì wọn pátá.

Èyí tó kù ló nira jù. Láti 2020 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ní ẹ̀ka tiwọn nínú Communication Workers Union, ẹgbẹ́ kan náà tí àwọn tó ń pín lẹ́tà wà. A ní kí gbogbo wa wọ ọ́. Síbẹ̀, ẹnu wa kò gba ọ̀rọ̀ bákan náà. Ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá lé e, ọgọ́ta ọjọ́ ni ìjọba sábà máa ń fún un láti rí ilé-iṣẹ́ mìíràn tàbí kó kó ẹrù rẹ̀. Ìyàwó àti ọmọ wà lórí físà kan náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ máa wò níran kó wá di Richard Roll. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Bìrìtéènì ni orúkọ rẹ̀ yóò wà lókè lẹ́tà àtakò. Ẹni tó wà lórí físà yóò kọ ohun tó rí, yóò fi ọjọ́ sí i, yóò fi lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́; àwa yòókù ni a ó mú un lọ bá ọ̀gá.